Fọ́tò tí a tún ṣe lẹ́yìn tí a yà á: ṣé iṣẹ́ ọnà ni àbí irọ́? Ẹ̀yin ayàwòrán Ẹ̀pẹ́, ẹ wá sọ tẹnu yín

Ọmọ_Marina

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Fọ́tò ọ̀sà tí mo gbé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fa ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí. Fún ẹni tí kò rí i: apẹja kan ni, ó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú Marina, ó ń da àwọ̀n ní ìdájí, oòrùn ò tíì yọ tán. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní àkókò yẹn. Tí èèyàn bá ṣe kámẹ́rà kí ojú ọ̀run lè hàn dáadáa, omi àti ọkọ̀ á dúdú kirikiri. Tó bá ṣe é kí ọkọ̀ lè hàn, ojú ọ̀run á funfun báláú. Mo yà á lẹ́ẹ̀mejì láti ojú kan náà, mo so méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo yọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo wá jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣókùnkùn díẹ̀, kí ojú ẹni tó ń wò ó lè lọ tààrà sí ọwọ́ apẹja náà.

Ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ló ya èyí, kì í ṣe ìwọ."

Mi ò gbà. Kámẹ́rà kì í rí nǹkan bí ojú èèyàn ṣe ń rí i. Èmi tí mo dúró létí omi yẹn, mo rí àwọsánmà pupa lókè, mo rí iṣan ọwọ́ bàbá yẹn nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ní kí n mú ọ̀kan kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni mo fi gba èyí tó fẹ́ sọnù padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́tò jẹun, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń wò ó, níbo lẹ rò pé ó yẹ ká ti dáwọ́ dúró?

Akọ̀ròyìn_Ìtòìkín

Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àbúrò, iṣẹ́ rẹ wuni, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ọ̀rá yẹn ni mo ń bá ọ jà lé lórí. Ọ̀sà wa ti kún fún ọ̀rá. Àwọn apẹja fúnra wọn ń ké tantan pé ìdọ̀tí ń bá ẹja du àwọ̀n. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ tí a kò tíì bí á wo fọ́tò rẹ, á ní omi Ẹ̀pẹ́ mọ́ tónítóní láyé àwọn bàbá òun. Ta ló máa sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Níbi iṣẹ́ ìròyìn tí mo ti wá, ẹni tó bá ṣe irú èyí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní 2006, nígbà tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí Beirut, ayàwòrán kan tó ń ya fọ́tò fún Reuters, iléeṣẹ́ tó ń ta ìròyìn àti fọ́tò fún àwọn ìwé ìròyìn, fi kọ̀ǹpútà dá èéfín kún èéfín, kí iná náà lè pọ̀ lójú ju bó ṣe wà lọ. Àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ká a mọ́, torí pé èéfín yẹn ń tún ara rẹ̀ ṣe, bátànì kan náà léraléra bí àdìrẹ tí wọ́n fi páànù tẹ̀. Reuters já a sílẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó lé ní 900 kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà. Gbogbo rẹ̀ o, títí kan èyí tí kò fọwọ́ kàn rárá. Ní 1982, ìwé ìròyìn National Geographic sún àwọn píramíìdì Gíísà mọ́ ara wọn kí wọ́n lè gba ojú ìwé tó dúró lóòró. Ní 2015, nínú fọ́tò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìdíje World Press Photo, ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n jù nù nígbà tí wọ́n gbé wọn ti ojúlówó tó jáde látinú kámẹ́rà.

Tí a bá gba "ọ̀rá lásán ni mo yọ" lónìí, lọ́la wọ́n á yọ èèyàn. Wọ́n ti ṣe é rí. Láyé Stalin ní Rọ́ṣíà, Yezhov tó jẹ́ olórí ọlọ́pàá inú ló dúró tì í lẹ́bàá odò tí wọ́n gbẹ́ nínú fọ́tò kan. Wọ́n pa Yezhov ní 1940, wọ́n sì pa á rẹ́ nínú fọ́tò náà, omi nìkan ló kù níbi tó dúró sí.

Àdùnní_Òkè-Balógun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀ràn yàtọ̀ síra. Ẹni tó yọ Yezhov fẹ́ kí ayé gbà pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ_Marina kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń kó ìròyìn wá. Mò ń bọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí, oníbàárà ló dúró dè mí.

Ọmọ_Marina

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀ròyìn, ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn wúwo, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ìwé ìròyìn bá ní kí n ya ìdọ̀tí ọ̀sà, gbogbo ọ̀rá á wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò àti sìlípáàsì tó ń bá a rìn. Mo ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ara ògiri pálọ̀ ni mo ya èyí fún. Ọwọ́ bàbá yẹn ni mo fẹ́ kí èèyàn wò, bí ó ṣe tú àwọ̀n ká tó sì ṣí yẹ̀ẹ̀ lójú ọ̀run kí ó tó bọ́ sínú omi. Gbogbo ohun tó bá fa ojú kúrò níbẹ̀, mo mú un kúrò, bí mo ṣe lè sún kámẹ́rà díẹ̀ sí ọ̀tún kí ọ̀rá yẹn má wọlé rárá. Ká ní mo sún un, ṣé ẹ máa pè é nírọ́?

Ìṣòro ojú ọ̀run àti omi tí mo sọ yẹn, kọ̀ǹpútà kọ́ ló dá a sílẹ̀. Láyé tí wọ́n ń ya fọ́tò sára gíláàsì, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò máa ń tètè gba àwọ̀ búlúù ju àwọ̀ yòókù lọ. Kí ilẹ̀ tàbí omi tó hàn, ojú ọ̀run á ti jóná. Ará Faransé kan, Gustave Le Gray, tó ń ya òkun ní bíi 1856 sí 1857, ya omi sára gíláàsì kan, ó ya àwọsánmà sára òmíràn, ó tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo. Ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run ló fi so wọ́n. Nígbà míì, àwọsánmà kan náà ló máa ń lò fún òkun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1857 yẹn kan náà, Rejlander, ará Sweden tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó gíláàsì tó lé ní 30 jọ láti ṣe àwòrán kan péré, Ọbabìnrin Fikitóríà sì ra ọ̀kan nínú rẹ̀. Photoshop tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ò jáde títí di 1990. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún ni mo ṣe.

Àlàájì_Fọ́tò

Salaamu aleikum, gbogbo ilé. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ń sọ ọ́, òun ń kọ ọ́.

Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà ló kó àtúnṣe wọ inú fọ́tò. Rárá o. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé dúdú àti funfun ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń yà. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé la ti ń fọ fọ́tò, gílóòbù pupa kan ṣoṣo la ń tàn. Ọ̀gá mi á ki nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti yà, tí dúdú inú rẹ̀ jẹ́ funfun, tí funfun sì jẹ́ dúdú, bọ ẹ́ńlájà, ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di ńlá, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá sórí bébà. Kí àkókò tó pé, á ti ti ọwọ́ bọ àárín ìmọ́lẹ̀ náà, ìka rẹ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, torí tó bá dúró, àmì ọwọ́ á yọ nínú fọ́tò. Ibi tó bá fọwọ́ bò, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Ibi tó bá fẹ́ kó dúdú sí i, á mú páálí tó ti dá ihò sí, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò yẹn nìkan lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà tó wé gèlè ńlá, tí òjìji gèlè ti bo ojú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá mi ló máa ń yọ ojú yẹn síta. Lẹ́yìn náà la ó rì bébà sínú kẹ́míkà, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojú tí ọ̀gá ti fọwọ́ bò á jáde wá mọ́lẹ̀ kedere.

Nẹ́gẹ́tíìfù fúnra rẹ̀, pẹ́ńsùlù la fi ń tún un ṣe. Ọ̀gá mi á gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù títí á fi mú ṣóńṣó, á gbé nẹ́gẹ́tíìfù síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, á máa tọ́ ọ tó-tó-tó sí ojú ibi tí irorẹ́ wà. Ibi tí pẹ́ńsùlù bá kàn, ìmọ́lẹ̀ ò ní lè kọjá níbẹ̀ dáadáa mọ́, ibẹ̀ á sì mọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Èmi máa ń bínú nígbà náà pé mo wá kọ́ fọ́tò, ẹ ní kí n máa gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ó ní ẹni tí kò bá mọ pẹ́ńsùlù kò tíì mọ fọ́tò.

Ìbejì gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀kan nínú ìbejì lè kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀. Ìyá wọn á gbé èyí tó kù wá. Ọ̀gá mi á gbé ọmọ náà jókòó sí apá kan, á yà á. Tó bá di inú yàrá òkùnkùn, á fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, á tẹ ọmọ náà sí ìdajì tó ṣí sílẹ̀. Á wá yí páálí padà, á tẹ ọmọ kan náà sí ìdajì kejì. Bí bébà bá kúrò nínú omi, ọmọ méjì ló jókòó síbẹ̀. Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí páálí bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́ẹ́, ìlà dúdú tàbí funfun á là á láàárín, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni ìbejì yẹn, a ó wọ aṣọ obìnrin fún ọkùnrin tó kù, tàbí ti ọkùnrin fún obìnrin, a ó tún un yà.

Ìyá á gba fọ́tò yẹn, á gbé e sí àyà, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi pé irọ́ ni. Ìyá mọ̀ pé ọmọ kan ló jókòó. Ọ̀gá mi mọ̀. Gbogbo ilé mọ̀. Ta la wá tàn jẹ?

Ọmọ_Ejìnrìn

Àlàájì, ẹ kú iṣẹ́, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Ohun tí ẹ sọ yìí wà nínú ìwé. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ló wá sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn ayàwòrán Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ jáde ní 1978, ó sì ṣàlàyé fọ́tò ìbejì yìí gẹ́lẹ́, bí ẹ ṣe sọ ọ́, títí kan ti akọ àti abo. Ó rí i pé àwọn ìdílé míì ti ń fi fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí ipò ère ìbejì tí wọ́n ń gbẹ́ láyé àtijọ́. Mo ti ń ka ìwé lórí fọ́tò ọjọ́ ti pẹ́, mi ò tíì rí ohun tó lágbára tó èyí.

Kí ẹ tún wo Benin. Alonge tó ń ya fọ́tò fún ààfin Ọba Benin, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1942, ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ sára fọ́tò dúdú àti funfun. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn pupa tí ẹ rí lára àwọn fọ́tò rẹ̀ míì, búrọ́ọ̀ṣì ló fi kùn ún. Ní Amẹ́ríkà, Ansel Adams ya òṣùpá lórí abúlé Hernandez ní 1941. Láàárín ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń tẹ fọ́tò yẹn, ojú ọ̀run inú rẹ̀ ń dúdú sí i ni, nẹ́gẹ́tíìfù kan náà. Àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, inú yàrá òkùnkùn ló ti parí rẹ̀.

Akọ̀ròyìn_Ìtòìkín

Àlàájì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ibi tí ẹjọ́ wà: gbogbo ilé mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀sà yìí, ta ló mọ̀? Ọmọ_Marina gbé e síbí, wọ́n gbé e lọ sórí WhatsApp, ó dé Ìkòròdú, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó rí i níbẹ̀, ojú rẹ̀ sọ fún un pé bí ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Fọ́tò ìbejì kì í kúrò nínú ilé. Ti òde òní kì í dúró nílé.

Ọmọ_Marina

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ẹ̀gbọ́n. Mi ò gbà pé kí n má tún fọ́tò ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbà pé kí àlàyé máa bá a rìn. Láti ìsinsìnyí lọ, ara fọ́tò fúnra rẹ̀ ni mo máa kọ ọ́ sí nísàlẹ̀, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè gé e sọnù: "fọ́tò méjì tí a so pọ̀". Mo sì ń tọ́jú RAW rẹ̀, ojúlówó tí kámẹ́rà fi sílẹ̀, tí a kò fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá.

Àdùnní_Òkè-Balógun

Mo ti dé. Ìgbéyàwó àti ìkómọ ni mò ń yà jù, torí náà ojú èèyàn ni mò ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára.

Ìyàwó á wá, á ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pupa díẹ̀." Arẹwà obìnrin, dúdú dídán. Mi ò kì í ṣe é, mo sì ti pàdánù iṣẹ́ lórí ẹ̀. Irorẹ́ tó sọ lánàá, màá yọ ọ́, torí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó bá máa lọ fúnra rẹ̀, mo lè bá a lé e lọ. Àwọ̀ ara rẹ, àmì ìbí rẹ, èéjì rẹ, tìrẹ nìyẹn, kì í ṣe tèmi láti mú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ká má fọwọ́ kan fọ́tò rárá, ẹ wá sínú gbọ̀ngàn ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Iná búlúù níhìn-ín, iná àlùkò lọ́hùn-ún, iná funfun látẹ̀yìn. Kámẹ́rà á ya ìyàwó dúdú dídán yẹn, ara rẹ̀ á wá rí eérú. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Mo ní láti jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí n dá àwọ̀ rẹ̀ padà fún un, kí n yọ búlúù yẹn kúrò nínú òjìji ọrùn rẹ̀, kí ohun tó ń dán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún máa dán. Ìgbà yẹn ló tó jọ ara rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn tó ṣe fíìmù aláwọ̀ láyé àtijọ́ kò ro tiwa mọ́ ọn. Fọ́tò obìnrin òyìnbó kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò pé kí wọ́n fi wọn àwọ̀. Bí Shirley bá ti dára, wọ́n ní ó ti tọ́ nìyẹn. Èèyàn dúdú tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di ojú àti eyín. Nítorí náà ẹni tó bá ní kámẹ́rà kì í purọ́, kó bi ìyá rẹ̀ léèrè.

Ọ̀nà kejì rèé o. Ní 1994, ìwé ìròyìn TIME mú fọ́tò O. J. Simpson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, èyí tí ọlọ́pàá yà, wọ́n sọ ojú rẹ̀ di dúdú ju bó ṣe wà lọ, wọ́n gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Newsweek lo fọ́tò yẹn kan náà lọ́sẹ̀ yẹn láìfọwọ́ kàn án, méjèèjì sì jọ wà lórí àtẹ. Gbogbo ayé rí i. Ohun tí mò ń ṣe fún ìyàwó àti ohun tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin yẹn, irinṣẹ́ kan náà ni. Mo fẹ́ kí ìyàwó jọ ara rẹ̀. Àwọn fẹ́ kó jọ ọ̀daràn.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ máa tún fọ́tò ìyàwó ṣe, mi ò bá yín jà. Fọ́tò ẹja ni kí ẹ yé tún ṣe. Ọjà Olúwo ni mo ti ń tà, àwọn oníbàárà mi láti Lẹ́kí àti Ìkẹjà, orí fóònù ni wọ́n ti ń wo ẹja. Ẹnìkan tí òun náà ń tà lórí fóònù máa ń fi àwọ̀ sí i kí ijàgbà ẹja lè pupa bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi. Ẹja ọjọ́ kẹta ni. Wọ́n ra á, inú run wọ́n, wọn ò wá gba ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ kankan gbọ́ mọ́, èmi tí mo fi òótọ́ tà náà jẹ nínú ẹ̀. Ní tèmi, bí ẹja bá ṣe wà lórí àtẹ ni kí ẹ yà á.

Ọmọ_Marina

Ìyá wa, ẹ ṣé. Ti ọjà kò ní àríyànjiyàn nínú. Owó ni wọ́n fẹ́ fi fọ́tò yẹn gbà.

Oníṣẹ́_Pósítà

Iṣẹ́ tèmi ni ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Pósítà òkú ni mò ń ṣe ní Ayétòrò, àti ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn Krìstẹ́nì, àti fídáù fún àwọn Mùsùlùmí. Ẹ̀yin ẹ rí bàbá tó wọ agbádá olówó ńlá lára ògiri, ẹ ní bàbá yìí gbáfẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló ní láyé, èyí tó yà fún káàdì ìdìbò, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ nínú ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á ní "Ẹ bá wa wọ agbádá fún bàbá."

Orí ò ṣòro. Ọrùn ló ṣòro. Iná pásípọ́ọ̀tù ń bọ̀ láti iwájú gan-an, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí òjìji, agbádá tí mo ní lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Bí mo bá lẹ̀ wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, orí á dà bíi pé wọ́n gbé e lé aṣọ. Mo máa ní láti fi ọwọ́ ya òjìji sábẹ́ àgbọ̀n, kí n jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú ṣókùnkùn díẹ̀, kí n wá àwọ̀ ọrùn tó bá ojú mu. Mo lè lo odidi òru lórí ọrùn. Mi ò sì tíì rí ẹbí kan tó wò ó tó sọ pé irọ́ ni. Wọ́n á sọ pé "Bàbá nìyẹn! Bó ṣe wù ú kó wà nìyẹn."

Ibi tí mo ti rí wàhálà rí ni ilà ojú. Bàbá kan tó kọ àbàjà, ilà náà jinlẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní kí n pa á rẹ́, pé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ òun ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní "Ta nìyí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bàbá ni. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, pé láti kékeré, ilà yẹn ni òun fi ń mọ̀ ọ́n nínú èrò ọjà. Wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ṣú sí wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi ilà sílẹ̀. Mo bi yín o: agbádá tí kò ní, mo fún un, kò sẹ́ni tó bínú. Ilà tó ní, tí mo bá gbà á, ó ti di ẹlòmíì. Kí ló fà á?

Àlàájì_Fọ́tò

Ọmọ mi, o ti dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ. Aṣọ ni èèyàn máa ń pààrọ̀, ìwọ kàn bá a pààrọ̀ tirẹ̀ nígbà tí kò lè ṣe é fúnra rẹ̀ mọ́. Ilà yẹn, àwọn òbí rẹ̀ ló fi sí i lára, òun ló sì gbé e dé sàréè. Ọmọ rẹ̀ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi yọ irorẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò rí i kó fi pẹ́ńsùlù kan ilà rí, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà náà ilà pọ̀ lójú èèyàn.

Àdùnní_Òkè-Balógun

Mo dúpẹ́, Àlàájì. Màá máa sọ èyí fún àwọn oníbàárà mi.

Ọmọ_Ejìnrìn

Kí ni ká wá ṣe sí ti AI, ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí kámẹ́rà? Nígbà tí ọdún Káyókáyó ń bọ̀, ẹnìkan kó fọ́tò tí AI ṣe jáde pé ó jẹ́ ti Káyókáyó. Aṣọ wọn kò jọ tiwa, ojú wọn kò jọ ti ẹnì kankan ní Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ọdún tí à ń fi ṣe ìrántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dé síbí ní 1851, tí gbogbo ọmọ ìlú ń ti ìdálẹ̀ wálé fún. Ṣé ìyẹn náà ni ká pè ní iṣẹ́ ọnà?

Ọmọ_Marina

Ìyẹn kì í ṣe fọ́tò rárá, ẹ̀gbọ́n. Ní 2023, ará Jámánì kan, Boris Eldagsen, fi àwòrán tí AI ṣe sí ìdíje Sony World Photography Awards, ó gba ẹ̀bùn ní abala àtinúdá, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní òun fi wá àwọn adájọ́ wò ni, pé AI àti fọ́tò kì í ṣe ohun kan náà. Mo fara mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ láti àárọ̀, ẹnìkan dúró síwájú kámẹ́rà. Ìbejì tó kù jókòó. Bàbá tó kọ àbàjà lọ ya pásípọ́ọ̀tù. Apẹja mi da àwọ̀n, mo sì mọ̀ ọ́n, mo ti fún un ní fọ́tò rẹ̀. A lè tún ìmọ́lẹ̀ tó ti ara wọn wá ṣe títí di òru, ara wọn náà ló ti wá. Àwọn èèyàn inú Káyókáyó AI yẹn, kò sí ìyá tó bí ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi AI ya nǹkan tó wà lọ́kàn rẹ̀, kó yà á, kó sì sọ bẹ́ẹ̀. Kó má pè é ní Káyókáyó wa.

Akọ̀ròyìn_Ìtòìkín

Níbí yìí, ọ̀rọ̀ wa ṣọ̀kan.

Ọmọ_Ejìnrìn

Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan. Ṣé nẹ́gẹ́tíìfù ayé ọ̀gá yín ṣì wà? Ooru àti ọ̀rinrin Ẹ̀pẹ́ yìí kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ya nẹ́gẹ́tíìfù wọ inú kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ mi, màá gbé e wá síbi tí ẹ bá wà. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Àlàájì_Fọ́tò

Wọ́n wà. Inú àpótí pákó ni, ọ̀pọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, òmíràn ti hu èbu. Ti ìbejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ_Ejìnrìn

Alhamdulillah. Èyí tó bá lẹ̀, ẹ má fi agbára ya wọ́n o, ẹ jẹ́ kí n dé. Èbu àti ibi tó bá ha, mo lè fi kọ̀ǹpútà nù wọ́n dáadáa, ojú á mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn àmì tó-tó-tó pẹ́ńsùlù yẹn ńkọ́? Kọ̀ǹpútà máa rí wọn bí ìdọ̀tí, ó lè nù wọ́n mọ́ ọn. Ṣé kí n jẹ́ kó nù wọ́n, kí ojú èèyàn yẹn lè hàn bó ṣe wà kí ọ̀gá yín tó fọwọ́ kàn án?

Àlàájì_Fọ́tò

Nu èbu. Má fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Ojú tí àwọn tó ni fọ́tò gbà lọ sílé nìyẹn, wọ́n sanwó rẹ̀. Ti ìbejì, ọmọ kan ṣoṣo ni wàá bá nínú nẹ́gẹ́tíìfù, bí ó ṣe jókòó ni kó wà. Wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, máa bọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó mọ́, èbu yẹn pọ̀.